Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Padà Wá: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nà Ètò Ìlera ní Ilẹ̀ Yorùbá

Sí ẹ̀yin kọmíṣọ́nà ètò ìlera ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, àti ẹ̀yin tí ẹ̀ ń darí àjọ adójútòfò ìlera ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan,

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá tọrọ, n kò sì ní fi í pamọ́ di ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Bí dókítà bá ní kí aláìsàn padà wá láàárín ọjọ́ méje lórí àìsàn kan náà, ẹ má ṣe gba owó káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì gba owó rírí dókítà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kéré létí. Kò sí rìbọ́ọ̀nù tí gómìnà máa gé, kò sì sí ẹ̀rọ tuntun tí a máa fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí dókítà ìdílé fi ń ṣe ìpinnu tó le, n kò tíì rí èyí tó ju ìpadàbọ̀ aláìsàn lọ, òun gan-an sì ni ètò wa ń já gbà lọ́wọ́ wa.

Àwa dókítà ìdílé ni ẹ máa bá ní GOPD, ẹ̀ka tí aláìsàn máa ń kọ́kọ́ dé ní ilé ìwòsàn ìjọba, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí èrò bá ti kún orí bẹ́ǹṣì dé ẹnu ọ̀nà. Méjì lára àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń dá dókítà àgbà lẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ yìí, ti orílẹ̀-èdè àti ti àwọn oníṣègùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ẹ̀ka tó dá wà fún iṣẹ́ wa. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì rò pé dókítà tí kò rí ẹ̀ka mìíràn wọ̀ ló ń jókòó níbẹ̀. Ẹni tó bá wọlé tọ̀ wá kì í mú orúkọ àrùn dání. "Àyà mi ń já." "Nǹkan kan ń rìn mí lára." "Dókítà, mi ò kàn mọ bó ṣe ń ṣe mí ni." Ẹni tó bá dé iwájú onímọ̀ àrùn ọkàn ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n ti ṣà á kí ó tó débẹ̀: ẹnì kan ti gbọ́ àyà rẹ̀, ẹnì kan ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹnì kan ti kọ lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, oníkọ́ á máa tẹ̀lé oníkọ́ wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ikọ́ náà á lọ fúnra rẹ̀. Díẹ̀ á jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹnì kan sì lè wà láàárín wọn tó jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló ti ń rẹ̀. Bákan náà ni gbogbo wọn ń wúkọ́.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé iṣẹ́ dókítà ni kí ó dárúkọ àrùn lójú ẹsẹ̀, kí ó sì kọ oògùn. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò sí ohun tó le nínú eéwo tàbí lápálápá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ oṣù méjìdínlógún kan hàn yín, tí ìyá rẹ̀ ń ta ata, tí ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ìrọ̀lẹ́ ìjẹta.

Mo ká aṣọ ọmọ náà sókè, mo gbé aago síwájú, mo sì ń ka bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ó jẹ́ 38. Ìlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fà fún ọmọ tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé márùn-ún ni 40. Bó bá ti dé ibẹ̀, òtútù àyà ni kí n máa rò. Ti ọmọ yìí kò tíì dé ibẹ̀, kò sì jìnnà sí i. A gún ìka rẹ̀ fún àyẹ̀wò ibà, kò sí ibà. Ọrùn rẹ̀ rọ̀. Ó ń sunkún, omijé sì ń jáde. Ó mu ọmú níṣojú mi, ó tún na ọwọ́ sí bírò mi. Gìrì kò gbé e, kò sì bì.

Kí ló wá ń ṣe é? N kò mọ̀, kò sì sí dókítà tó lè mọ̀ ní wákàtí yẹn. Ó lè jẹ́ ọ̀fìnkìn tó máa lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó lè jẹ́ òtútù àyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tàbí àrùn ojú ìtọ̀, tàbí ìgbóná tó máa ń ṣáájú èéyi kí ó tó sú sára. Nítorí náà n kì í bi ara mi pé kí ni orúkọ rẹ̀. Mo ń bi ara mi pé èwo nínú gbogbo ìwọ̀nyí ló lè pa á kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé? Bó bá jẹ́ òun ni, àmì wo ló máa kọ́kọ́ fi hàn? Ṣé ìyá yìí máa dá àmì náà mọ̀ bó bá rí i lóru? Ṣé ó sì máa lè gbé ọmọ padà wá? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ti ìṣègùn rárá, síbẹ̀ òun ló máa ń pinnu ohun tí mo máa kọ sínú káàdì.

"Ìyá Sànmí, ẹ fún un ní parasítámọ́ọ̀lù yìí, kí ẹ máa fún un lọ́mú dáadáa. Bí ara rẹ̀ bá ṣì ń gbóná lọ́túnla, ẹ gbé e wá. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọmú, tàbí tó ń bi gbogbo ohun tó bá mu, tàbí tí gìrì bá gbé e, tàbí tó kàn ń sùn tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má dúró de ọ̀túnla o. Bó ṣe ààjìn, ẹ gbé e wá. Ẹ tún un sọ fún mi kí n gbọ́."

Ó tún un sọ, kò fo ọ̀kankan. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé: "Dókítà, ṣé màá tún san owó káàdì ni?"

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ibẹ̀ ni ìpinnu ti ń bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, owó ata ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn, láìka owó ọkọ̀ lálọ lábọ̀. Dókítà tó mọ̀ pé ìyá yìí kò ní lè padà á kọ amọ́kísílìn báyìí, á fi oògùn ibà kún un bí àyẹ̀wò tilẹ̀ ní kò sí ibà, nígbà mìíràn á tún fi abẹ́rẹ́ sí i. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Ó ń fi oògùn di àlàfo tí ìpadàbọ̀ ìbá dí ni. Àwa náà la sì ń ṣe ìpàdé lọ́dọọdún lórí bí àwọn kòkòrò àrùn kò ṣe gbọ́ oògùn mọ́.

Roger Neighbour, dókítà ìdílé ará Bìrìtìkó, kọ ìwé kan ní 1987 tó pè ní The Inner Consultation. Ó ní kí aláìsàn tó dìde, kí dókítà bi ara rẹ̀ ní ohun mẹ́ta: bí mo bá gbà á, kí ni mo retí pé yóò ṣẹlẹ̀? Báwo ni màá ṣe mọ̀ bí n kò bá gbà á? Kí ni màá wá ṣe nígbà náà? Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí iṣẹ́ yìí, díẹ̀ nínú wọn ló wúlò ní GOPD tó gbóná, tí iná ti lọ. Ìbéèrè mẹ́ta yìí wúlò. Àmọ́ ìkejì àti ìkẹta kò ní ìdáhùn bí aláìsàn bá ti lọ tí kò padà mọ́.

Àwọn kan á ní kí n ṣe àyẹ̀wò sí i. Mo fara mọ́ àyẹ̀wò, bó bá jẹ́ èyí tó ń sọ nǹkan. Ẹ wo ibà àti táífọ́ọ̀dù, tí wọ́n ti di tọkọtaya nílùú wa. Ta ni kò tíì gbọ́ pé òun ní méjèèjì pọ̀? Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń sọ pé táífọ́ọ̀dù ni, Georges-Fernand Widal ló gbé e jáde ní 1896. Àmì pé ara ti bá kòkòrò náà jà rí ló ń wá, ẹni tó sì ti ní i tipẹ́, tàbí tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, lè ní àmì náà. Ní ibi tí àrùn yìí ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó nǹkan tí èèyàn ń gbára lé. Àyẹ̀wò ibà orí ìka náà ní ìṣòro tirẹ̀. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù níbí, ohun tí kòkòrò ibà tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wá, ohun náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò náà tán. Ọmọ tó lo oògùn ibà lóṣù tó kọjá lè wá lónìí pẹ̀lú ohun mìíràn, kí àyẹ̀wò sì tún pariwo pé ibà. Ẹni tó mọ̀ pé ó ti lo oògùn náà nìkan ló lè túmọ̀ èsì yẹn, ìyẹn ẹni tó rí i lóṣù tó kọjá, tàbí tó rí àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ìṣòro tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé gbogbo wa là ń rí ọjọ́ kìíní. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, kò jìnnà sí wa mọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù lọ, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ibi tí wọ́n ń gbé àwọn tó ní i lọ. Ní ọjọ́ kìíní, kò sí ojú tó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ibà ẹ̀fọn. Ohun tó máa ń tú u fó ni pé aláìsàn lo oògùn ibà, ọjọ́ méjì kọjá, ara kò sọ̀. Ta ló wá máa rí ọjọ́ kẹta? Ọjọ́ kìíní, ó ra oògùn lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì àdúgbò. Ọjọ́ kẹta, ó lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ọjọ́ karùn-ún ló dé ọ̀dọ̀ mi, kò sì sọ pé òun ti lo nǹkan kan, nítorí ó ń bẹ̀rù kí n má bá òun wí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rí i, ibà ọjọ́ kìíní sì ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ́jú.

Gbogbo wa là ń yin Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Patrick Sawyer ti Làìbéríà dé Èkó ní oṣù Keje 2014, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Adadevoh tún ọ̀rọ̀ náà wò, ó tún un bi léèrè, ó rí i pé kò bá ibà mu, ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò Ebola, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní jáde. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 ló kú, òun náà sì wà nínú wọn. Ìgboyà rẹ̀ la máa ń sọ. Mo gbà, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó di ti ìgboyà, ó ti kọ́kọ́ wo aláìsàn náà lẹ́ẹ̀kejì. Tirẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Tiwa ti gun ọ̀kadà lọ.

Bàbá kan wà tí mo ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ awakọ̀. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní ọ́lsà òun ló tún dé, kí n fún òun ní oògùn funfun yẹn kí òun máa lọ. Bó bá jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló jókòó síbẹ̀, kò sí ohun tó burú nínú kí ó kọ oògùn funfun náà. Ṣùgbọ́n bàbá yìí kì í wá bí ọjọ́ rẹ̀ kò bá pé, wọ́n á tilẹ̀ pè é kí ó tó wá nígbà mìíràn. Kì í wọlé láì fi nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ náà kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn di etí tábìlì mú. Òógùn díẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀, fáànù sì ń ṣiṣẹ́.

A fi ẹ̀rọ ECG ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, kò fi nǹkan hàn. Ìyẹn kò sì tó, nítorí ECG àkọ́kọ́ lè mọ́ kedere lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń kú lọ. Bó bá jẹ́ ọkàn ni, kí ó jẹ aspirin 300 mg lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ́lsà ni lóòótọ́, aspirin náà lè mú kí ó máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Mo bi í bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ní rárá. Mo wo abẹ́ ojú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Mo fún un ní aspirin, mo ní ó ń lọ sí UCH.

"Dókítà, ilé ni mò ń lọ. Owó UCH ò sí lọ́wọ́ mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọmọ yín."

Ọmọ náà fi owó ránṣẹ́, bàbá sì lọ. Wọ́n tún ECG yà níbẹ̀, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ìpalára ọkàn hàn, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ọ́lsà ni. Títí di òní, bàbá kì í jẹ́ kí n gbádùn lórí owó yẹn. Àjọ adójútòfò kan, tí n kò ní dárúkọ, sì kọ̀wé béèrè ìdí tí mo fi gbé ọlọ́lsà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí irú rẹ̀ bá wọlé lọ́la, ohun kan náà ni màá ṣe. Ìpinnu tí èèyàn ṣe láago mẹ́wàá àárọ̀, ohun tó wà níwájú rẹ̀ láago mẹ́wàá ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe èsì tó jáde lálẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá àwọn tó ń yẹ ìwé wa wò sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù àwọn àjọ adójútòfò náà wà níbẹ̀. Àyè kan wà lórí rẹ̀ tí orúkọ àrùn gbọ́dọ̀ wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó kò ní jáde. Kò sí àyè fún "a ṣì ń wò ó". Nítorí náà gbogbo ìgbóná ara ń di ibà lórí ìwé, gbogbo inú rírun ń di ọ́lsà. Tí ẹ̀yin bá wá jókòó láti ṣètò oògùn ọdún tó ń bọ̀, orí irọ́ tí fọ́ọ̀mù fipá mú wa pa lẹ máa gbé ìṣirò yín lé.

Ní Nọ́wè, láti 2001, olúkúlùkù ni orúkọ dókítà ìdílé rẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Àwọn olùwádìí níbẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ èèyàn wò, British Journal of General Practice sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Wọ́n fi àwọn tó ti lò ju ọdún 15 lọ lọ́dọ̀ dókítà kan náà wé àwọn tí kò tíì ju ọdún kan lọ. Ikú fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù láàárín àwọn tó ti pẹ́, gbígbé dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn náà sì dín kù lọ́nà tó fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Nọ́wè kì í ṣe Iléṣà, mo mọ̀. Owó wà níbẹ̀, dókítà wọn kì í sì sá. Dókítà tí aláìsàn wa bá lọ́dún yìí lè ti wà ní Manchester lọ́dún tó ń bọ̀, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Bí a kò bá lè ṣe ìlérí dókítà kan náà, ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ káàdì kan náà.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild ní Iléṣà, dá ilé ìwòsàn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Nọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rí ọmọ níbẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sí lóṣooṣù, àyè sì wà lórí rẹ̀ fún ìdí tí ọmọ kan fi nílò àmójútó ju àwọn yòókù lọ. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, nínú ọ̀rá, nílé. Ìyá ń gbé e bọ̀, nọ́ọ̀sì tí kò rí ọmọ náà rí á wò ó, á sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì yẹn ti tàn kárí ayé. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, káàdì wà nínú yàrá kan tí akọ̀wé ti ń wá a títí di ọ̀sán, bí wọn kò bá sì rí i, wọ́n á ní kí aláìsàn ra òmíràn. Ra òmíràn! Ẹni tí a tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ á tún di àlejò tuntun.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ nípa owó. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ pa owó wọlé, àwọn èèyàn á sì máa fi ìpadàbọ̀ ọ̀fẹ́ ṣeré. Lórí ti èkejì, dókítà ló máa kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ sí káàdì, tí á sì tẹ òǹtẹ̀ lé e; ẹni tí dókítà kò ní kí ó padà, á sanwó. Lórí ti àkọ́kọ́, òfin adójútòfò ìlera ti 2022 ti sọ ìdójútòfò di dandan. Ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, oṣooṣù ni owó orí rẹ̀ ń wọlé fún ilé ìwòsàn, ó wá o, kò wá o, nítorí náà kò sí ìdí láti tún gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ń fi owó àpò ara wọn sanwó ló ṣì pọ̀ jù lórí bẹ́ǹṣì wa, àwọn gan-an sì ni kì í padà. Owó káàdì ẹ̀ẹ̀kejì tí wọn kò wá san kò wọ àpò ìjọba rí. Ohun tó ń padà wọlé ni ọmọ tí òtútù àyà ti wọ̀ lára, tó nílò ọ́síjìn.

Mo fẹ́ kí ẹ fi kún un pé kí wọ́n ra fóònù kan fún GOPD kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa fi owó ìpè sí i. Fóònù kékeré ti tó. Nọ́ọ̀sì kan á máa pe àwọn tí ọjọ́ ìpadàbọ̀ wọn kọjá tí a kò rí wọn. Nísinsìnyí, àwọn kan nínú wa ń fi owó ara wọn pè.

Ìwé àṣẹ kan láti ọ́fíìsì yín ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ó dé ọwọ́ àwọn ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó dé ọwọ́ àwọn tó ń gba owó lójú fèrèsé, nítorí àwọn ni wọ́n ń lé ìyá ọlọ́mọ padà kí ó tó rí dókítà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà Lassa máa ń gbóná jù. Bí ìwé náà bá ti wà lára ògiri kí oṣù Kejìlá tó wọlé, yóò bá wa níbi iṣẹ́.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́,

Dókítà ìdílé kan ní GOPD ilé ìwòsàn ìjọba